Ohun tí mo rí kọ́ nígbà tí mo ń wá olùkọ́ àdáni fún ọmọ mi

Kí a tó wá olùkọ́ àdáni fún ọmọ, ibi tí òye ọmọ náà ti já ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, lẹ́yìn tí mo ti wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọbìnrin mi ní ìṣirò nílé, tí mo ti jókòó sí igun yàrá tí mo ń gbọ́ bí àwọn olùkọ́ tí ìṣe wọn yàtọ̀ síra ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, tí mo sì ti rí èyí tó so èso nínú gbogbo rẹ̀ àti èyí tí kò so. Ọ̀pọ̀ òbí tí a jọ máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ pé iye tí olùkọ́ ń gbà àti ibi tó ti kàwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Kò sí ohun tó burú nínú ìbéèrè méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló yẹ kó ṣáájú. Kí ni ọmọ yìí kò mọ̀ gan-an? Láti ìgbà wo ni kò ti mọ̀ ọ́n? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí yóò san owó fún olùkọ́, olùkọ́ yóò sì ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, síbẹ̀ yóò dà bí ìgbà tí ènìyàn ń lẹ aṣọ níbi tí kò ti ya.

Ọmọ mi wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nínú ìwé èsì rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé áljẹ́brà ni kò yé e, pé ó nílò ìrànlọ́wọ́. Mo kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, ti ọdún náà àti ti ọdún tó ṣáájú, mo sì fara balẹ̀ wo gbogbo ibi tí olùkọ́ ti fi bírò pupa fa igi lé. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i pé àwọn àṣìṣe náà jọra wọn. Níbi tí kò bá ti sí ìdá nínú áljẹ́brà, ọmọ náà máa ń gbà á. Níbi tí ìdá bá ti wọ̀ ọ́, ohun gbogbo a dàrú. Mo ní kó ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta fún mi. Ó ro nọ́ńbà òkè mọ́ nọ́ńbà òkè, ó ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó sì kọ 2/5 sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìdá méjì nínú márùn-ún kéré sí ìdajì tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi nǹkan kún nǹkan, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì yà á lẹ́nu rárá. Èyí ló kọ mí lóminú ju àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ó fi hàn mí pé àmì lásán ni ọmọ náà ń gbé kiri, kò rí iye kankan nínú wọn mọ́. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ wọn ní ìdá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé èsì nìkan ni a tẹ̀ lé, ẹni tí yóò kọ́ ọ ní áljẹ́brà ni à bá lọ wá, à bá sì máa kọ́ òkè ilé nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì lanu.

Mo kó àwọn ìwé náà lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀. Mo dámọ̀ràn kí gbogbo òbí ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ná owó kankan, nítorí pé nígbà tí a bá mú àpẹẹrẹ dání, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yóò bá wa sọ máa ń yàtọ̀ sí èyí tó máa ń kọ sínú ìwé èsì. Ó sọ fún mi pé ọmọ mi kì í béèrè ìbéèrè ní kíláàsì, pé ó máa ń tètè da ohun tó wà lójú pátákó kọ kí ó lè dà bíi pé ó ti parí iṣẹ́, kí wọ́n má baà pè é. Ó sọ àwọn ẹ̀kọ́ tó kàn fún mi, ó sì ṣàlàyé èyí tí ìdá yóò jẹ yọ nínú rẹ̀. Ìjíròrò náà kò gùn, owó kò sì kúrò lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ òun ni mo fi ṣe ìwọ̀n gbogbo olùkọ́ tí mo bá pàdé lẹ́yìn náà.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Àwọn ìṣòro kan wà tí kì í ṣe ti olùkọ́ àdáni rárá. Ọmọ tí kò rí ojú pátákó dáadáa, ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ketekete, ọmọ tó ní ìṣòro ìwé kíkà tí a ń pè ní dyslexia, tàbí ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìyà jẹ ní ilé ẹ̀kọ́, gbogbo wọn lè máa gba máàkì tí kò dára, a sì lè gba olùkọ́ lé olùkọ́ fún wọn lásán. Mo kọ́kọ́ mú ọmọ mi lọ ṣe àyẹ̀wò ojú. Ojú rẹ̀ dára, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo lè máa bá ọ̀rọ̀ ìṣirò lọ.

Olùkọ́ àkọ́kọ́ tí a gbà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ó mọ ìṣirò dénú, ó níwà ọ̀wọ̀, kì í sì pẹ́ dé. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìdá fún un, ó ní òun yóò mójú tó o. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tó bá wá ni pé ọmọ mi á gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ jáde, òun á gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa ṣàlàyé bó ṣe ń kọ. Àlàyé rẹ̀ dùn ún gbọ́. Èmi gan-an lóye àwọn nǹkan tí kò yé mi nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ mi á máa mi orí. Bó bá bi í pé ṣé ó yé e, á ní, “Ó ti yé mi, ẹ ṣeun.” Lọ́jọ́ kejì, á kó iṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ pé lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ gòkè lọ́gán. Ti ìdánwò tí wọ́n ń ṣe nínú kíláàsì kò kúrò níbi tó wà. Àlàfo tó wà láàárín máàkì méjèèjì yìí ló là mí lójú jù lọ nínú gbogbo ìrírí yìí, mo sì rọ òbí tó bá ti gba olùkọ́ sílé pé kí ó máa wò ó. Bí iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe nígbà tí olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ń dára, tí èyí tó ń dá ṣe kò sì yí padà, a jẹ́ pé olùkọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà, ọmọ ń wò ó ni.

Ohun tí mo rí yìí bá ìwádìí àwọn onímọ̀ mu. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń tún àkọsílẹ̀ kan kà, tí àwọn mìíràn sì ń pa ìwé dé, tí wọ́n ń gbìyànjú láti rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tí ó di ọjọ́ 2 àti ọ̀sẹ̀ 1 lẹ́yìn náà, àwọn tó ti fúnra wọn gbìyànjú láti rántí ló borí. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún òbí ni pé ọmọ tó gbọ́ àlàyé tó mọ́ gaara kì í parọ́ nígbà tó bá ní ó ti yé òun. Ó yé e lóòótọ́ ní ìṣẹ́jú náà. Ohun tí kò tíì ṣe ni pé kò tíì fi orí ara rẹ̀ wá a jáde, nítorí náà kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí pẹ́ńsùlù máa wà lọ́wọ́ ọmọ. Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti dákẹ́ díẹ̀, ara rẹ̀ kì í gbà á, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi pé ìṣirò kò fi ìgbà kankan le fún òun rí, pé òun kò sì mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni tí ó le fún. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní. Mo rò pé olùkọ́ gidi ni yóò jẹ́ fún ọmọ tó ti lágbára tẹ́lẹ̀, tó kàn ń fẹ́ ẹni tí yóò tì í síwájú. A fi ìrẹ́pọ̀ pínyà.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùkọ́, mo mọ ohun tí mo ń wá. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo ẹni tí mo kàn sí: bí ọmọ bá ṣe iṣẹ́ kan tí kò gbà á, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Ẹnì kan ní òun yóò tún un ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ní òun yóò fún un ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i títí yóò fi mọ́ ọn lára. Òmíràn ní òun ní ọ̀nà àbùjá tí ọmọ kò ní gbàgbé láé. Ìyá àgbàlagbà kan, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ni wọ́n sọ fún mi pé, “Mo máa ní kó sọ bó ṣe ṣe é tó fi débẹ̀. Ọmọ kì í ṣàdédé ṣe àṣìṣe, ó ní ohun tó ń rò.” Wọn kò sì gbà láti bá mi dá ọjọ́ kankan títí mo fi kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ wá kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Mi ò wá ẹlòmíràn mọ́.

Kí a tó ṣe àdéhùn kankan, a gbìyànjú ẹ̀kọ́ kan wò. Ìyá olùkọ́ yìí, tí a ń pè ní Màmá, kò mú ìwé ìṣirò kankan dání. Wọ́n mú tákàdá, wọ́n kọ 8 + 4 sí i, wọ́n kọ àmì ìdọ́gba tẹ̀ lé e, wọ́n fi àyè sílẹ̀, wọ́n sì kọ + 5 sí ẹ̀yìn àyè náà, wọ́n wá ní kí ọmọ fi nọ́ńbà tó yẹ sí àyè náà. Ọmọ mi kọ 12. Wọn kò sọ pé kò gbà á. Wọ́n béèrè ohun tí àmì tó wà láàárín ń sọ, ó ní ó ń sọ pé ibẹ̀ ni kí a kọ ìdáhùn sí. Ìdáhùn tó yẹ ni 7, nítorí ohun tí àmì náà ń sọ ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ iye kan náà. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀kọ́ ìṣirò mọ àṣìṣe yìí dáadáa láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì lè bá ọmọ dàgbà bí ẹnikẹ́ni kò bá bi í léèrè. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba kò lè mọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú áljẹ́brà; yóò kàn máa há a sórí ni. Èmi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ ìdá kò rí ti àmì ìdọ́gba rárá. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló rí i, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ohun mìíràn tí mo ṣàkíyèsí ni bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Wọn á béèrè ìbéèrè, wọn á sì dúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn débi pé ó fẹ́ máa ni èmi lára níbi tí mo jókòó sí. Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé fún ayé pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá béèrè ìbéèrè kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀, àti pé bí wọ́n bá lè dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, á sì jinlẹ̀ sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ọmọ tí kì í béèrè ohunkóhun ní kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rò fún Màmá. Bó bá ṣi ọ̀nà, wọn á ní kó máa bá a lọ, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀nà náà yóò já sí. Láti kọ́ ọ ní ìdá, wọ́n ní kó ká tákàdá tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọ̀nà mẹ́fà tó dọ́gba. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ méjì nínú mẹ́fà, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 5/6. Nígbà tí wọ́n wá gbé 2/5 tó ti kọ tẹ́lẹ̀ síwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìpolówó ló máa ń ṣèlérí iṣẹ́ ìyanu fún òbí. Ìpìlẹ̀ kan wà fún ìrètí náà. Ní ọdún 1984, Benjamin Bloom ti Yunifásítì Chicago kọ̀wé pé nínú àwọn ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ṣe, ọmọ tó wà ní agbedeméjì láàárín àwọn tí olùkọ́ ń dá kọ́ tayọ ọmọ 98 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì lásán. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Andre Nickow, Philip Oreopoulos àti Vincent Quan kó ìwádìí 96 jọ ní ọdún 2020, tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé èrè inú irú ẹ̀kọ́ yìí tóbi lóòótọ́, àmọ́ kò sún mọ́ èyí tí Bloom sọ. Wọ́n tún rí i pé ó máa ń so èso jù níbi tí ẹni tó ń kọ́ ọmọ bá ti jẹ́ olùkọ́ tàbí ẹni tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ náà, ju ibi tó bá ti jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni tàbí òbí lọ. Ohun tí mo rí nínú ilé mi náà nìyẹn: mímọ ìṣirò àti mímọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò jẹ́ ọgbọ́n méjì, bí a kò bá sì lè rí ẹni tó ní méjèèjì dọ́gba, fún ọmọ tó ń tiraka, ọgbọ́n kejì ni èmi yóò yàn. Àwọn òbí tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn lè para pọ̀ gba olùkọ́ kan fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, bí ó bá jẹ́ pé ibi kan náà ni òye wọn ti já. Bí kò bá jẹ́ ibi kan náà, ọ̀kan nínú wọn yóò jókòó lásán.

Lórí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ, èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ojú àánú tàbí ìtìjú dí mi lọ́nà. Mo béèrè ìwé ìdánimọ̀, mo pe àwọn òbí tí olùkọ́ náà ti bá ṣiṣẹ́ rí, mo sì bi wọ́n bóyá wọn yóò tún gbà á. Níbi tí òfin bá ti jẹ́ kí a lè béèrè ìwé tó fi hàn pé ènìyàn kò ní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, mo rò pé ó yẹ kí a béèrè rẹ̀ láì tọrọ àforíjì. Yàrá ìgbàlejò ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ilẹ̀kùn máa ń ṣí sílẹ̀, àgbàlagbà kan sì gbọ́dọ̀ wà nílé. Kò sí pé olùkọ́ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ní ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Bákan náà ni fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ rere kì í bínú sí ìlànà wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n ń dáàbò bo òun náà. Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n má ṣe ti ilẹ̀kùn.

Nígbà kan tí Màmá rìnrìn àjò, wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ láti ibi tí wọ́n wà. Ojú ọmọ ni wọ́n ń rí, wọn kò rí ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà wọn kò mọ ibi tó ti ṣìnà títí yóò fi parí iṣẹ́. A gbé fóònù kan ró sókè tákàdá kí kámẹ́rà rẹ̀ lè máa fi ìwé hàn, iṣẹ́ sì ń lọ bó ṣe yẹ.

Àdéhùn wa wà nínú ìwé, kò ju ojú ewé kan lọ: iye owó àti ìgbà tí a ó máa san án, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan kò bá lè wá, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí ọmọ mọ̀ àti bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. A kò kọ ọ́ pé kí máàkì gòkè. Ohun tí a kọ ni pé ọmọ yóò lè ro ìdá pọ̀, yóò lè yọ ọ́ kúrò, yóò sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní ti àkókò, mo ti kọ́kọ́ rò pé wákàtí gbọọrọ ní òpin ọ̀sẹ̀ ni yóò dára, kí àwọn ọjọ́ yòókù lè ṣófo. Màmá ní kí a pín in sí ìgbà méjì lọ́sẹ̀, kí ìkọ̀ọ̀kan má gùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti mọ ìdí rẹ̀: ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus ní Jámánì tẹ ìwádìí tó ṣe lórí ara rẹ̀ jáde, ó sì fi hàn pé púpọ̀ nínú ohun tí ènìyàn kọ́ ló máa ń sá kúrò lórí láàárín wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, àti pé àtúnyẹ̀wò tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ máa ń dúró ju èyí tí a dì sí ojú kan lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó kọ̀ọ̀kan ni Màmá fi máa ń béèrè ohun tí wọ́n ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láì ṣí ìwé. Àwọn òbí tó ń wá olùkọ́ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ń gbé ẹrù tó wúwo lé olùkọ́ lórí. Ó lè ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ bí ìbéèrè ìdánwò ṣe ń rí, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti padà lọ dí ibi tó ti lanu láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú gba olùkọ́ kíláàsì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó mọ ọmọ náà, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń fún ọmọ mi ní máàkì máa gba owó lọ́wọ́ mi. Bó ti wù kí olùkọ́ náà jẹ́ olóòótọ́ tó, àwọn ọmọ yòókù tí òbí wọn kò lè san owó yóò máa wò ó. Ní Gúúsù Kòríà, òfin kò tilẹ̀ gba àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ láyè láti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àdáni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kí òun àti Màmá mọ ara wọn. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò ọmọ tí àwọn méjèèjì ń kọ nǹkan sí, kí ọ̀nà tí ọ̀kan ń gbà ṣe ìṣirò má baà ta ko ti ìkejì. Ọmọ tó ń bọ̀ láti inú ìdàrúdàpọ̀ kò nílò ọ̀nà méjì tó ń bá ara wọn jà.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ojú ń tì í nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé àwọn tí orí wọn kò pé ni wọ́n ń gba olùkọ́ fún, kò sì fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́. Mo jẹ́ kí ó dá sí yíyan ọjọ́, mo jẹ́ kí ó sọ èrò rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kí n tó fi ọwọ́ sí ìwé, mo sì ṣèlérí fún un pé bí ó bá sọ fún mi pé òun kò fẹ́ olùkọ́ kan, mi ò ní bínú, n ó gbọ́ ìdí rẹ̀. Ọmọ tó bá rí i pé òun ni wọ́n ń bá ṣe é, pé wọn kò kàn gbé e fún ẹnì kan láti tún ṣe, máa ń fi ọkàn sí i.

Ìyípadà tí mo kọ́kọ́ rí kò sí nínú máàkì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ rẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kò gbà á. Ó ń sọ pé, “Kò lè tó báyìí, ó pọ̀ jù.” Ìbéèrè rẹ̀ kúrò ní “Mi ò mọ̀ ọ́n” ó di “Ibi báyìí ni mo dé, kí ló kàn?” Máàkì ìdánwò inú kíláàsì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, ó sì fi sáà méjì ṣe é kó tó dúró dáadáa. Láàárín àkókò yẹn, ìgbà kan wà tí máàkì náà tún já wálẹ̀. Màmá ní kí n má ṣe jáyà, wọ́n fi hàn mí nínú ìwé ìdánwò náà pé ọ̀nà tí ọmọ gbà ti tọ́, ìṣirò kéékèèké ló ṣì.

Nígbà tó yá, Màmá fúnra wọn ló sọ pé ìgbà méjì lọ́sẹ̀ ti pọ̀ jù. A sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn náà a dá a dúró. Ó wù mí kí wọ́n máa bá a lọ, nítorí ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ tí kò bá dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kò ní mọ̀ pé òun lè dá a ṣe. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé bí ohun kan bá ta kókó, ọmọ mi yóò kọ́kọ́ kọ ibi tí òye rẹ̀ dé sílẹ̀, yóò bi olùkọ́ rẹ̀ ní kíláàsì, bí kò bá sì tíì yanjú, yóò pe Màmá, wọn yóò dá ọjọ́ kan fún un. Ó pè wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìdọ́gba onílà méjì, ìyẹn èyí tí a ti ń wá nọ́ńbà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjókòó kan ni wọ́n lò lórí rẹ̀.